Aboyún Kì Í Dá Wọlé Dókítà

Ọjọ́ méjì péré ni ọmọ Fúnmi lò láyé. A ò tíì sọ ọ́ lórúkọ tó fi lọ. Oṣù kẹjọ ọdún 1986 ni, nílùú Houston, nígbà tí ooru ń mú débi pé ọ̀dà ojú títì ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, nítorí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní Ọlọ́run ló fúnni, Ọlọ́run náà ló gbà á. Mo wà níbẹ̀. Kì í ṣe Ọlọ́run ló ní kí wọ́n dá aboyún tó ń ṣàìsàn padà sílé lẹ́ẹ̀mejì.

Fúnmi ni àbúrò Lékè, ọkọ mi. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, nítorí náà Ìdílẹ̀kẹ̀ ni mo ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn. Òun náà ń pè mí ní Àǹtí Wùmí, torí mo fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ. Ó kàwé gboyè kejì nínú ìmọ̀ kẹ́míkà, ó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò kan. Dàpọ̀, ọkọ rẹ̀, jẹ́ ẹnjiníà nílé ìfọpo kan ní Baytown. Wọ́n ní ìnṣọ́ránsì tó dáa. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn kan máa ń rò pé òṣì ló pa ọmọ náà.

Ní tèmi, agbẹ̀bí ni mí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbẹ̀bí ní Abẹ́òkúta kí n tó bá ọkọ mi wá sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí a dé ibí, wọ́n ní ìwé ẹ̀rí mi kò tó, kí n lọ ṣe ìdánwò tiwọn. Kí n tó rí i ṣe, ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mi ò tijú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbàgbé ohun tó mọ̀.

Oyún Fúnmi ti wọ oṣù keje lọ́jọ́ tí mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni, ó wá jẹun ọ̀sán ní apartment wa lẹ́bàá odò Brays Bayou. Bó ṣe bọ́ bàtà, mo rí i pé okùn bàtà náà ti wọra lọ bí okùn tí wọ́n fi di ẹrù. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀. Ibẹ̀ jìn wọnú, kò sì dìde. Mo wo ojú rẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ wú.

“Ìdílẹ̀kẹ̀, ṣé orí ń fọ́ ọ?”

“Láti Ọjọ́bọ̀ ni, Àǹtí. Mo lọ rí dókítà lánàá. Wọ́n ní ooru ni, pé kí n dín iyọ̀ kù, kí n máa gbé ẹsẹ̀ sórí tìmùtìmù.”

“Ṣé wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ?”

“Nọ́ọ̀sì kan wọ̀n ọ́n. Kò sọ iye tó jẹ́ fún mi.”

“Ojú rẹ ńkọ́? Ṣé kò sí nǹkan tó ń tàn yanran níwájú rẹ?”

“Bí iná kéékèèké,” ó ní. “Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

Mo mọ̀ nítorí mo ti rí i lára obìnrin tó ju ogún lọ: ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ni, òun ló ń di gìrì. Ní Abẹ́òkúta, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní tó bá rí aboyún tó rí báyẹn tí kò sáré lọ pe àgbà, wọn ò ní jẹ́ kó wọ yàrá ìgbẹ̀bí mọ́. Mi ò jẹ́ kó parí oúnjẹ. Mo fi mọ́tò gbé e lọ sí ọsibítù tó ń lò, ọsibítù ńlá onífèrèsé dígí tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí.

Dókítà tó wọlé kò tíì pé ọdún márùndínlógójì. Ó dúró síbi ilẹ̀kùn, ó ń ka ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wo ẹsẹ̀ Fúnmi rárá. Mo rọra sọ fún un pé, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò.”

“Ṣé nọ́ọ̀sì ni ọ́?”

“Agbẹ̀bí ni mí nílé. Níbí, mò ń ṣiṣẹ́ nílé àwọn arúgbó.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí èèyàn ń rín sọ́mọdé tó ní òun fẹ́ wa mọ́tò. Ó wá yíjú sí Fúnmi. “Àwọn obìnrin irú tiyín lágbára,” ó ní. “Ara yín máa ń gbà á ju ti àwọn yòókù lọ. Lọ sílé, mu omi dáadáa, kí o padà wá lọ́jọ́ tí a dá fún ọ.”

Kí ni mo ṣe? Mo ní kó ṣeun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo di Fúnmi lọ́wọ́ mú, a sì jáde. Mo ti bínú sí ọ̀pọ̀ èèyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ara mi ni mo kọ́kọ́ bínú sí.

Mi ò jẹ́ kó padà sílé rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ló sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ń fọ eyín lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ gbì. Gìrì ti gbé e. Ojú rẹ̀ yí sókè, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ níbi tó ti gé ahọ́n jẹ. Mo yí i sí ẹ̀gbẹ́, mo pariwo pe Lékè kó tẹ ọkọ̀ aláìsàn láago. Wọ́n gbé e lọ, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì gbé ọmọkùnrin kan jáde tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó páùnù mẹ́ta.

Ọmọ náà jọ Lékè. Ó ní irun. Dàpọ̀ ti ọwọ́ bọ inú àpótí dígí tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, ọmọ náà sì di ìka rẹ̀ mú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, èémí rẹ̀ dá. Fúnmi kò tíì mọ ibi tó wà nígbà náà. Kò fojú rí ọmọ rẹ̀ láàyè. Òbí kì í mọ sàréè ọmọ, nítorí náà èmi àti Lékè la lọ sin ín.

Lọ́jọ́ kẹta tí Fúnmi lajú, obìnrin kan wọ yàrá rẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Ó ní òun wá láti ràn wá lọ́wọ́. Ó fa àga jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè. Sìgá mélòó ló ń mu lójúmọ́? Oògùn olóró wo ló lò nígbà tí oyún wà nínú rẹ̀? Ṣé ó mọ ẹni tó ni oyún náà?

Dàpọ̀ wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ Fúnmi wà lọ́wọ́ rẹ̀, òrùka sì wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

“Madam,” Dàpọ̀ ní, “ẹ ti ṣì wá mú. A kì í ṣe wọn. Ọmọ Nàìjíríà ni wá.”

Obìnrin dúdú kan tó máa ń gbé oúnjẹ fún àwọn aláìsàn ń kó àwo kúrò lórí tábìlì nígbà náà. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é ní Mísì Evelyn. Ó dúró. Ó wo Dàpọ̀, ó wo èmi, ó sì gbé àwo rẹ̀ jáde. Nígbà tí mo jáde lọ bu omi, ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń dúró dè mí.

“Ó ní ẹ kì í ṣe wa,” ó ní.

Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn yàrá Fúnmi.

“Wo fọ́ọ̀mù yẹn dáadáa. Àpótí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ fún èèyàn dúdú. Ibẹ̀ ni wọ́n fi àbúrò rẹ sí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n fi èmi sí lọ́dún 1959 nígbà tí mo sin ọmọ mi àkọ́kọ́, àti lọ́dún 1962 nígbà tí mo sin ìkejì. Tí ọmọ funfun kan bá kú lórílẹ̀-èdè yìí kó tó pé ọdún kan, méjì nínú tiwa ló ń kú. Ìbéèrè nípa sìgá yẹn, wọ́n bi èmi náà. Mi ò mu sìgá rí láyé mi.”

Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè. Nínú ilé wa, akátà là ń pe àwọn èèyàn rẹ̀. A máa ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n má bá wọn ṣeré. A ní wọ́n ń ṣọ̀lẹ, a ní wọn kì í fẹ́ra wọn sílé. Èmi náà sọ ọ́. A rò pé ìwé tí a kà àti ọ̀nà tí a gbà ń pe orúkọ wa máa yà wá sọ́tọ̀ lójú àwọn èèyàn yẹn.

“Ẹ má bínú, mà,” ni mo sọ.

“Mi ò nílò kí o bẹ̀ mí. Agbẹ̀bí ni ọ́, mo gbọ́ nígbà tí o ń sọ ọ́. Wá sílé mi ní Sunnyside lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn iṣẹ́.”

Mo lọ. Obìnrin méje ló wà nínú kíṣìnì rẹ̀. Ọ̀kan ń wa bọ́ọ̀sì ìjọba, ọ̀kan jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀kan ń ṣe irun. Gbogbo wọn ló ti sin ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ. Oríta-oríta ni wọ́n pín àdúgbò láàárín ara wọn. Obìnrin tó bá lóyún ní òpópónà rẹ, ìwọ lo máa kàn sí i, ìwọ lo máa bá a lọ rí dókítà, ìwọ lo máa jókòó tì í, tí o máa kọ gbogbo ohun tí dókítà bá sọ sílẹ̀. Òfin wọn kò ju ẹyọ kan lọ: aboyún kì í dá wọlé dókítà.

Wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹnìkan ló fi ta wọ́n lọ́rẹ, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Mo ká ọwọ́ aṣọ. Mo fi ẹ̀rọ náà sí apá Mísì Evelyn, mo fi rọ́bà tí dókítà fi ń gbọ́ àyà sí wọn létí lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo kọ́ wọn bí a ti ń gbọ́ ọ, iye tó léwu, bí a ti ń tẹ ojúgun, ìbéèrè tí a ń bi obìnrin tí orí ń fọ́. Tíṣà yẹn tètè mọ̀ ọ́n jù mí lọ nígbà tí mo wà nílé ìwé.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ló kù. Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ni, nínú gbọ̀ngàn kan tí a yá ní ìsàlẹ̀ ilé ìtajà. Wòlíì Mákánjúọlá ló ń darí rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ ó máa ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, lọ́jọ́ Ìsinmi ó jẹ́ bàbá fún gbogbo wa. Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí Fúnmi padà wá sílé Ọlọ́run, Wòlíì ní òun rí ìran. Ó ní ọ̀tá kan wà ní agbo ilé bàbá rẹ̀, òun ló na ọwọ́ kọjá òkun gba ọmọ náà. Ó ní kí Fúnmi gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje.

Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Fúnmi dìde nínú aṣọ funfun rẹ̀. Ó ti gbẹ, ọrùn rẹ̀ ti gùn.

“Bàbá, ẹ má bínú,” ó ní. “Nínú ìran tí ẹ rí, ṣé dókítà wà níbẹ̀?”

Wòlíì gbé Bíbélì rẹ̀ sílẹ̀.

“Àwọn ará ilé bàbá mi ò sí ní Houston. Ẹni tó dá mi padà sílé wà ní Houston, ó ń lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Mo máa gba ààwẹ̀ tí ẹ bá ní kí n gbà á. Ṣùgbọ́n kí n tó gbà á, mo fẹ́ mọ aboyún tó wà nínú ilé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ nawọ́ sókè.”

Ọwọ́ mẹ́rin lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Fúnmi wo wọn. Ó ní, “Ta ló ń bá yín lọ sí ọsibítù?” Àwọn ọkọ wọn ń wo ilẹ̀.

Mo rò pé Wòlíì máa lé e jókòó. Ó fi aṣọ nu ojú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ nílé ló lò, kì í ṣe ti orí pẹpẹ. “Ọmọ mi, kí lẹ fẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe?”

“Ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá. Àti ẹni tó máa wà á.”

Ó fún wa ní ọkọ̀ náà. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń wà á ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Kò sọ̀rọ̀ ìran náà mọ́, àwa náà ò sì bi í.

Oṣù kejì ọdún 1987 ni Lará, ìyàwó Bíyìí, pè mí láago. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó nawọ́ ni, ọmọ ọdún méjìlélógún, Pearland ni wọ́n ń gbé. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Ó ní orí ń fọ́ òun láti àárọ̀, òrùka òun kò sì bọ́ mọ́. Mo lọ bá a pẹ̀lú ẹ̀rọ. Iye tí mo gbọ́ nínú ẹ̀rọ náà ga jù. Mo pe Fúnmi, Fúnmi pe Mísì Evelyn, a sì pàdé ní ọsibítù kan náà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ Lará sí.

Dókítà kan náà ló wọlé.

Ó wo àwa mẹ́rin. Ó ní aláìsàn nìkan ló yẹ kó wà nínú yàrá. Fúnmi wà níwájú rẹ̀ gan-an, kò jìnnà sí i tó apá kan. Mo ń wò ó bóyá ojú rẹ̀ máa yí padà. Kò yí padà.

“Ṣé ẹ rántí mi?” Fúnmi bi í.

“Rárá. Ṣé a ti pàdé rí?”

Mo gbọ́ bí èémí ṣe bọ́ lẹ́nu Mísì Evelyn. Bí Fúnmi bá bú u nígbà yẹn, èmi ni mo máa gbè é. Ṣùgbọ́n kò bú u. Ó fa ìwé kan yọ nínú báàgì, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Lará.

“Orúkọ rẹ̀ ni Lará. Oyún rẹ̀ jẹ́ oṣù mẹ́jọ. Orí ń fọ́ ọ, ara rẹ̀ wú. A wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ nílé, ó ga. A ń bẹ̀ yín kí ẹ wọ̀n ọ́n níwájú wa. Tí ẹ ò bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ síbí pé ẹ ò fẹ́, kí ẹ kọ orúkọ yín àti aago tó lù, kí ẹ sì fọwọ́ sí i. Tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, a máa lọ.”

Ojú dókítà pọ́n. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni halẹ̀ mọ́ òun. Ó jáde, ó sì rán ẹ̀ṣọ́ kan sí wa. Ẹ̀ṣọ́ náà jẹ́ àgbàlagbà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi wá bóyá à ń pariwo.

“Ṣé o gbọ́ ariwo?” Mísì Evelyn bi í.

“Mi ò gbọ́ nǹkan kan, mà,” ó ní. Ó dúró síbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń wo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

A jókòó. Ogójì ìṣẹ́jú ni a fi jókòó. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì funfun kan tí kò tíì dàgbà wọlé láìwo ojú ẹnikẹ́ni, ó wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ apá Lará. Ó wọ̀n ọ́n. Ó tún un wọ̀n. Ó jáde, ó sì ń sáré. Méjìléláàádọ́sàn-án lórí méjìléláàádọ́fà ló bá a. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, wọ́n ti gbé ọmọbìnrin kan jáde nínú Lará, ó kéré, ó ń ké bí ológbò. Lará kò ní gìrì. Bíyìí dọ̀bálẹ̀ fún Fúnmi lórí ilẹ̀ ọsibítù, Fúnmi sì sá jáde lọ síbi tí mọ́tò wà. Níbẹ̀ ni mo ti bá a, ó gbé orí lé ọwọ́ ìtọ́kọ̀, ó ń sunkún tí mi ò gbọ́ látìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú.

“Ogójì ìṣẹ́jú,” ó ń wí. “Àǹtí, ogójì ìṣẹ́jú àti apá kan ṣoṣo tí wọ́n wé ẹ̀rọ mọ́. Ohun tó gbà kò ju ìyẹn lọ.”

Ní oṣù kẹfà, obìnrin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n láti ṣọ́ọ̀ṣì wa àti àdúgbò Mísì Evelyn lọ pàdé àwọn ọ̀gá ọsibítù náà. Wọ́n fún wa ní kọfí. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dìde, ó ní wọ́n ti ṣe òfin tuntun: aboyún tó bá ní orí ń fọ́ òun, dandan ni kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n tó ní kó máa lọ. Ó ní inú ìwádìí àwọn dókítà wọn ni èrò náà ti wá. Kò dárúkọ Fúnmi. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wa. Mo fẹ́ dìde, Mísì Evelyn sì fi ọwọ́ tẹ itan mi mọ́lẹ̀.

Nígbà tí a jáde, mo ní, “Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.”

“Òfin náà ti wà lára ògiri,” ó ní. “Jẹ́ kí wọ́n máa sọ pé àwọn ló ni ín.”

Mi ò gbà, mi ò sì tíì gbà di òní. Mo gba òfin náà. Irọ́ tí wọ́n fi dì í ni mi ò gbà.

Fúnmi ti kọ̀wé sí àwọn tó ń fún dókítà láṣẹ iṣẹ́. Ó kọ ọjọ́, ó kọ wákàtí, ó kọ ohun tí dókítà sọ nípa obìnrin irú tiwa. Oṣù mọ́kànlá ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ìwé ojú kan ni. Wọ́n ní wọ́n kẹ́dùn, pé àwọn yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, pé ìtọ́jú tí dókítà fún un kò yàtọ̀ sí èyí tó yẹ. Dókítà náà wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ìlà kẹta, wọ́n ní wọ́n bá a kẹ́dùn ikú ọmọbìnrin rẹ̀.

Fúnmi ka ìwé náà lórí ìdúró nínú kíṣìnì mi. Ó mú bírò pupa, ó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà pé ọkùnrin ni ọmọ òun. Ó fi sínú àpò ìwé tuntun, ó lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, ó sì fi ránṣẹ́ padà sí wọn. Wọn ò fèsì.